Kíkà Ṣáájú Kíkọ: Àyẹ̀wò Flash àti Ìpín Dísíìkì Inú Thin Client

Ẹ̀yin tí ẹ pé jọ síbí, àgbà àti ọ̀dọ́, mo kí yín, mo sì dúpẹ́ pé ẹ fún mi láàyè láti sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn gidigidi. Ọ̀rọ̀ mi dá lórí kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ń pè ní thin client, pàápàá jù lọ lórí flash inú rẹ̀, níbi tó ń kó gbogbo ohun tó bá mọ̀ pa mọ́ sí, àti lórí bí wọ́n ṣe pín flash náà. Mo fẹ́ kí a mọ bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò láì bà á jẹ́, kí a sì mọ ìdí tí ohun tí ojú kọ̀ǹpútà ń fi hàn wá fi lè yàtọ̀ pátápátá sí ohun tó wà nínú flash.

Ìrírí kan ló ti mí dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gba irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ sọ́wọ́, Windows XP Embedded ló wà nínú rẹ̀. Mo jókòó tì í fún odidi ìrọ̀lẹ́ kan. Mo yọ àwọn ètò tí n kò nílò kúrò, mo fi òmíràn sí i, mo yí orúkọ rẹ̀ padà, mo sì rí i pé gbogbo rẹ̀ dúró dáadáa. Mo pa á, mo lọ sùn. Nígbà tí mo tan án ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ńṣe ló dà bí ẹni pé n kò fọwọ́ kàn án rí: gbogbo ohun tí mo yọ ti padà sí àyè rẹ̀, gbogbo ohun tí mo fi sí i sì ti pòórá. Mo gbà pé flash náà ti bàjẹ́, díẹ̀ ló kù kí n yọ ọ́ sọnù. Kò bàjẹ́ rárá. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí báìtì kan tó dé inú flash. Inú RAM ni gbogbo rẹ̀ dúró sí, RAM kì í sì í rántí ohunkóhun bí iná bá ti kúrò lára rẹ̀. Màá padà sórí ohun tó dá a dúró níbẹ̀ nígbà tí a bá dé àyè rẹ̀.

Thin client jẹ́ kọ̀ǹpútà tí kì í fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó wúwo. Server kan níbòmíràn ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Thin client kàn ń fi àwòrán rẹ̀ han ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ ni, ó sì ń gbé ohun tí ẹni náà bá tẹ̀ lórí kíbọọ̀dù padà fún server. Nítorí bẹ́ẹ̀, ibi ìpamọ́ tó nílò kò pọ̀. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní ibi ìpamọ́ kankan, orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n ti ń gba ètò tí wọ́n fi ń dìde, nípasẹ̀ ọ̀nà tí a mọ̀ sí PXE. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù lọ ní flash kékeré kan, tó lè jẹ́ 64 MB péré nínú àwọn àtijọ́, tó sì lè tó 16 GB tàbí 32 GB nínú àwọn tí wọ́n ṣe lẹ́yìn wọn. Wọn kì í pariwo, iná tí wọ́n ń jẹ kò pọ̀, kò sì sí dísíìkì tó ń yí nínú wọn. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń rà wọ́n nígbà tí ilé iṣẹ́ bá ti lò wọ́n tán, láti sọ wọ́n di router tàbí server kékeré inú ilé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tó bá níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ìwà flash, nítorí ìwà rẹ̀ ló ń ṣàlàyé gbogbo ìyókù. Fujio Masuoka ló ṣẹ̀dá rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Toshiba ní Japan ní àwọn ọdún 1980, ní 1987 ni wọ́n sì gbé irú èyí tí a ń pè ní NAND jáde fún àwọn onímọ̀ láti rí. Shoji Ariizumi, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló dábàá orúkọ náà, nítorí pé bí ó ṣe ń pa nǹkan rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rán an létí iná kámẹ́rà tó bù yẹ̀rì. Orúkọ náà bá a mu dáadáa. Ẹ fi ojú inú wo ìwé kan tí a lè kọ nǹkan sí ojú ewé rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n tí a kò lè pa ojú ewé kan ṣoṣo rẹ́. Bí a bá fẹ́ pa rẹ́, odidi orí kan nínú ìwé náà ni a ó pa rẹ́ pọ̀. Bí NAND ṣe rí gan-an nìyẹn. Ojú ewé rẹ̀ lè jẹ́ 2 KB, 4 KB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù tí a lè pa rẹ́ lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ 128 KB, ó sì lè tó ọ̀pọ̀ MB. Bẹ́ẹ̀ ni pípa rẹ́ yìí sì ní iye tó níwọ̀n. Flash tó ń fi ẹyọ bit kan sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn SLC, lè fara da nǹkan bí 100,000 ìgbà. MLC, tó ń fi méjì sí i, kì í sábà kọjá láàárín 3,000 sí 10,000.

Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ jù lọ flash inú thin client ló ní alákòóso kékeré tirẹ̀, tí a ń pè ní controller. Iṣẹ́ controller ni láti mú kí flash fara hàn bí hard disk lásán: ó ń fún wa ní àwọn sector tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì 512, tí a ka láti 0 lọ sókè. Nínú flash gan-an, kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá kọ nǹkan sí sector 0 lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó ṣeé ṣe kí controller gbé e sí ibi mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí búlọ́ọ̀kù kan má baà tètè gbó ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kí ó sì kàn máa rántí èyí tó jẹ́ tuntun jù. Ìdí nìyí tí fífi òdo kún gbogbo sector kò fi tó láti fi dáni lójú pé àṣírí tó wà nínú flash ti parẹ́. Àwa kò lè rí abẹ́ controller láìtú chip kúrò lára pátákó. Orí rẹ̀ ni àyẹ̀wò tiwa ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a ṣí àpótí rẹ̀ kí a sì fi ojú rí i. Ẹ yọ wáyà iná, ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí náà kí iná tó wà lára yín lè sálẹ̀, kí ẹ sì tú àwọn súkúrù rẹ̀. Nínú àwọn àtijọ́, pátákó pẹlẹbẹ kan tí kò ju ọmọ ìka méjì lọ ni ẹ ó rí, tí a tẹ̀ mọ́ orí ihò IDE (ihò àtijọ́ tí a ń so dísíìkì mọ́) tó ní abẹ́rẹ́ 44: DOM (Disk-on-Module) nìyẹn. Àwọn mìíràn ń lo káàdì CompactFlash, tí SanDisk gbé jáde ní 1994. Ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu pé ohun tí wọ́n fi káàdì yìí sí lórí kò ju wáyà àti ihò lọ, ṣùgbọ́n CompactFlash fúnra rẹ̀ mọ èdè IDE sọ, kò nílò ògbufọ̀. Nínú àwọn tó tẹ̀ lé wọn, ẹ ó rí SATA DOM, mSATA, M.2, tàbí eMMC tí wọ́n ti jó mọ́ pátákó tí kò sì ṣeé yọ. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, kí ẹ yà á ní fọ́tò. Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ẹ ó rí bọ́tìnì kékeré kan, nítorí pé àwọn DOM kan ní bọ́tìnì tó ń dènà kíkọ, mo sì mọ ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ kan wá ìdí tí flash rẹ̀ kò fi gba nǹkan kan láìmọ̀ pé bọ́tìnì ni.

Lẹ́yìn èyí, a ó tan kọ̀ǹpútà náà láti orí Linux tó wà nínú flash USB, dípò èyí tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń yẹ ilé wò kò gbọdọ̀ jẹ́ kí onílé ṣe ojú fún òun. Bí a bá fi ètò inú rẹ̀ tan án, ètò náà yóò kọ̀wé sínú flash kí a tó kà á, yóò sì fi ohun tó bá wù ú pa mọ́. Nínú BIOS (ètò tó ń kọ́kọ́ jí kọ̀ǹpútà kí ètò inú dísíìkì tó bẹ̀rẹ̀), ẹ yan USB ṣáájú. Nítorí pé ọ̀pọ̀ thin client àtijọ́ kò lè lo ètò 64-bit, ẹ wá Linux 32-bit fún irú wọn.

Ó ku ewu kan, mo sì fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí i. Àwọn Linux orí USB kan máa ń ṣe ojú àánú jù: bí wọ́n bá rí ìpín kankan, wọn á ṣí i fúnra wọn, bí wọ́n bá rí ìpín swap (èyí tí Linux ń lò bí àfikún RAM), wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láìbéèrè. Méjèèjì yìí ń kọ nǹkan sínú flash tí a ń yẹ̀ wò. Ẹ yan èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, tàbí kí ẹ pa ìṣesí náà. Lẹ́yìn náà, ẹ lo àṣẹ yìí pẹ̀lú agbára root (alákòóso kọ̀ǹpútà), gẹ́gẹ́ bí gbogbo àṣẹ tó kù nínú ọ̀rọ̀ yìí:

blockdev --setro /dev/sda

Àṣẹ yìí ń sọ fún kernel, ọkàn Linux, pé kò gbọdọ̀ kọ nǹkan kan sí dísíìkì náà. Ẹ tún un ṣe fún ìpín kọ̀ọ̀kan, /dev/sda1 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ eMMC ni, orúkọ rẹ̀ yóò jẹ́ mmcblk0 dípò sda, ìpín àkọ́kọ́ rẹ̀ yóò sì jẹ́ mmcblk0p1.

Nígbà náà ni a lè béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àṣẹ lsblk yóò to àwọn dísíìkì àti ìpín wọn, hdparm -I yóò sọ orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún un àti iye sector rẹ̀, fdisk -l yóò sì ka àtẹ ìpín. Ẹ má jẹ́ kí ohun kan dà yín láàmú: lsblk ní ìlà kan tí a ń pè ní ROTA, tó ń sọ bóyá dísíìkì ń yí tàbí kò yí. Ọ̀pọ̀ DOM àtijọ́ ni yóò fi 1 hàn níbẹ̀, bí ẹni pé hard disk gidi ni, nítorí pé wọ́n ṣe wọ́n kí wọ́n jọ hard disk, wọn kò sì mọ bí a ṣe ń sọ òmíràn.

Mo gbé àpẹẹrẹ kan wá, ó sì jẹ́ ohun tí mo fẹ́ kí a fi sùúrù wò. DOM kan ni, tí wọ́n kọ 1 GB sí lára. hdparm sọ pé sector rẹ̀ jẹ́ 2,001,888. Bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po 512, a ó rí báìtì 1,024,966,656, lsblk yóò sì kọ ọ́ ní 977.5M nítorí pé 1,048,576 ló ń kà sí ẹyọ kan. Ẹni tó bá ro pé wọ́n rẹ́ òun jẹ kò tíì mọ̀ pé ìwọ̀n méjì ló wà. Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a ka sector 0 fúnra rẹ̀, láìgba ti ètò kankan gbọ́ (dd ń ka báìtì bí wọ́n ṣe rí, xxd sì ń fi wọ́n hàn):

dd if=/dev/sda bs=512 count=1 | xxd

Báìtì 512 ló jáde. 446 àkọ́kọ́ jẹ́ ètò kékeré tí BIOS ń pè nígbà tó bá fẹ́ tan kọ̀ǹpútà. Báìtì 64 tó tẹ̀ lé e ni àtẹ ìpín, tó ní àyè mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba báìtì 16. Báìtì méjì ìkẹyìn gbọ́dọ̀ jẹ́ 55 AA, ní òǹkà hexadecimal tó ń lo 0 dé 9 àti A dé F; bí wọn kò bá sí níbẹ̀, kò sí àtẹ kankan níbẹ̀ nìyẹn, tàbí kí ó ti bàjẹ́. Láti 1983, nígbà tí PC DOS 2.0 jáde, ni ètò yìí ti wà, kò sì yí padà. Àyè àkọ́kọ́ nínú DOM tèmi kà báyìí:

80 20 21 00 83 41 07 7A 00 08 00 00 00 F0 1D 00

Ẹ jẹ́ kí a tú u. 80 ń sọ pé láti inú ìpín yìí ni kọ̀ǹpútà ti ń dìde. Bí ó bá jẹ́ 00, kò rí bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, 20 21 00, jẹ́ ọ̀nà àtijọ́ tí a fi ń tọ́ka sí orí, òbìrí àti sector lára hard disk tó ń yí; nínú flash kò ní ìtumọ̀, a lè fò ó. 83 ló ṣe pàtàkì, òun ló ń sọ irú ìpín tó jẹ́: 83 jẹ́ ti Linux, 82 jẹ́ ti swap, 07 jẹ́ ti NTFS, 0B tàbí 0C jẹ́ ti FAT32. Ẹ fo mẹ́ta mìíràn. Mẹ́rin tó tẹ̀ lé wọn ni ibi tí ìpín ti bẹ̀rẹ̀, ìdí sí orí ni a sì ń kà á, ìyẹn ni pé 00 08 00 00 yóò di 00 00 08 00, tó jẹ́ 2048 ní ọ̀nà tí a ń gbà kà á lójoojúmọ́. Mẹ́rin ìkẹyìn ni gígùn rẹ̀: 00 F0 1D 00 yóò di 00 1D F0 00, tó jẹ́ sector 1,961,984, gẹ́lẹ́ sì ni ìyẹn jẹ́ 958 MiB (MiB kan jẹ́ báìtì 1,048,576). Àwọn àyè mẹ́ta tó kù jẹ́ òdo.

Mo mọ̀ pé fdisk lè sọ gbogbo èyí fún wa láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Síbẹ̀ mo rọ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí pé kí ó fi ojú ara rẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán, nítorí pé lọ́jọ́ tí àtẹ náà bá bàjẹ́, fdisk yóò dákẹ́, ẹni tó bá mọ báìtì 16 wọ̀nyẹn ló máa lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ wọ́n padà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Ìpín náà bẹ̀rẹ̀ ní 2048, ó sì gùn tó 1,961,984, nítorí náà sector àkọ́kọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́ ni 1,964,032. Ṣùgbọ́n 2,001,888 ni gbogbo sector tó wà. Sector 37,856 ló kù lẹ́yìn, tí kò sí nínú ìpín kankan: ó lé ní 18 MiB. Kí ló wà níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ní kò sí nǹkan kan, wọn á sì fa ìpín náà gùn láti gbà á. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó wò ó:

dd if=/dev/sda bs=512 skip=1964032 | hexdump -C | less

Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 00 tàbí FF, ọkàn wa balẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ àkọsílẹ̀ tí ètò Windows Embedded fi síbẹ̀, nítorí pé Enhanced Write Filter wọn máa ń lo àyè tí kò sí nínú ìpín kankan láti fi tọ́jú ìṣètò rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ìyókù ohun tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ fi sílẹ̀. Ẹ má gbàgbé àyè iwájú náà, láti sector 1 sí 2047: bí GRUB (ètò tó ń gbé Linux dìde) bá wà lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo BIOS, ibẹ̀ ni apá kejì rẹ̀ ń gbé, ẹni tó bá fi òdo kún un nítorí pé kò sí fáìlì kankan níbẹ̀ yóò rí i pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò dìde mọ́.

Ọ̀rọ̀ nípa 2048 yẹn kò ṣeé fò kọjá. Nínú àwọn thin client àtijọ́, sector 63 ni ẹ ó máa rí pé ìpín àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé hard disk ayé àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. 63 lọ́nà 512 jẹ́ 32,256, kò sì ṣeé pín sí 4096 láìṣẹ́ kù. Bí ètò bá fẹ́ kọ 4 KB kan ṣoṣo, ojú ewé méjì nínú flash ni yóò fọwọ́ kàn. Flash náà á máa lọ́ra, á sì máa gbó kíákíá ju bó ṣe yẹ lọ. 2048 bọ́ sórí 1 MiB gẹ́lẹ́, ó sì dọ́gba pẹ̀lú ọ̀pọ̀ jù lọ ìwọ̀n ojú ewé àti búlọ́ọ̀kù. Bí ẹ bá fẹ́ tún ìpín irú DOM bẹ́ẹ̀ ṣe, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Lórí àwọn tó ń lo UEFI, tó rọ́pò BIOS, GPT, irú àtẹ ìpín tuntun, ni ẹ ó sábà bá. Ẹ ó rí ìpín kan ṣoṣo tí irú rẹ̀ jẹ́ EE nínú sector 0, tó kàn ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà; àkọsílẹ̀ gidi wà ní sector 1, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà EFI PART, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà ní sector tó kẹ́yìn pátápátá. Nípa ti eMMC, ẹ ó rí mmcblk0boot0 àti mmcblk0boot1, tí fdisk kò kà mọ́ ìpín. Wọn kò sí nínú àtẹ ìpín kankan, inú eMMC fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti dá wọn sọ́tọ̀. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí ẹ ṣe bá wọn.

Lẹ́yìn tí a bá ti mọ bí ilẹ̀ náà ṣe rí, a ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ látòkè délẹ̀ sórí dísíìkì mìíràn:

dd if=/dev/sda of=/mnt/ibipamo/ojulowo.img bs=1M status=progress

Bí dd bá sọ pé òun kò lè ka ibì kan, ẹ dá a dúró kí ẹ lo ddrescue, tó mọ bí a ṣe ń fo ibi tó bàjẹ́ kọjá kí ó sì padà síbẹ̀ nígbà tó bá ti kó ìyókù. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe sha256sum, àṣẹ tó ń ṣírò nọ́ńbà ìdánimọ̀ fún ohun tó bá kà, fún /dev/sda àti fún fáìlì náà. Nọ́ńbà méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Mo máa ń ṣe ti /dev/sda lẹ́ẹ̀mejì, mo sì máa ń pa kọ̀ǹpútà láàárín méjèèjì. Bí wọ́n bá yàtọ̀, ọ̀kan nínú ohun méjì ló ń ṣẹlẹ̀: bóyá nǹkan kan ń kọ̀wé sínú flash láìjẹ́ pé mo mọ̀, tàbí kí flash náà má lè fún mi ní ìdáhùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó túmọ̀ sí pé ó ti ń kú lọ. Kò sí èyí tó yẹ kí a gbójú fò nínú méjèèjì.

Ẹ̀dà ni a ó wá ṣí, ojúlówó yóò sinmi. Ẹ lo losetup -r -P -f --show ojulowo.img, yóò sì fi ẹ̀dà náà hàn bí dísíìkì tó ní ìpín, bíi /dev/loop0p1. Bí ó bá jẹ́ ext4, ọ̀nà kan tí Linux gbà ń to fáìlì, ni, mount -o ro nìkan kò tó. Bí wọ́n bá pa kọ̀ǹpútà náà lójijì tẹ́lẹ̀, kernel yóò fẹ́ parí iṣẹ́ tó wà nínú journal (àkọsílẹ̀ ohun tó ń kọ lọ́wọ́) kí ó tó ṣí i, kódà nígbà tí a ti ní kí ó kàn kà á. Bí kò bá sì rí àyè kọ, yóò kọ̀ láti ṣí i. Ẹ fi noload kún un, kí ó di mount -o ro,noload.

Nínú ìpín náà, ẹ lè rí fáìlì púpọ̀ bíi ti kọ̀ǹpútà gbogbo. Ṣùgbọ́n nínú àwọn thin client tó ń lo Linux, ohun tí ẹ sábà máa rí ni kernel, initrd (ètò kékeré tí kernel kọ́kọ́ ń lò nígbà tó bá ń dìde), àti fáìlì kan tó tóbi ju gbogbo wọn lọ. Ẹ wo báìtì mẹ́rin àkọ́kọ́ fáìlì ńlá yẹn. Bí wọ́n bá jẹ́ hsqs, squashfs ni. Gbogbo ètò adarí kọ̀ǹpútà náà ni wọ́n rún pọ̀ sínú rẹ̀, kò sì ṣeé kọ nǹkan sí. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá dìde, Linux yóò tẹ́ RAM lé e lórí bí aṣọ, ohun gbogbo tí a bá kọ yóò sì wà lórí aṣọ náà. Àṣẹ unsquashfs -s yóò sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọ̀nà tí wọ́n gbà rún un.

Irú aṣọ kan náà ló mú mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Windows XP Embedded ní Enhanced Write Filter, tí a ń pè ní EWF, tó ń dúró láàárín ètò àti dísíìkì. Bí ètò bá kọ nǹkan, EWF á gbà á sínú RAM; bí ètò bá fẹ́ ka ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, EWF á fún un láti inú RAM, kò sì ní mọ̀ pé kò dé dísíìkì. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ dára púpọ̀: Windows máa ń kọ nǹkan kéékèèké léraléra, ó sì lè tètè pa flash, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ máa dìde ní tuntun lójoojúmọ́. Ẹ béèrè ipò rẹ̀ pẹ̀lú ewfmgr c:, bí ẹ bá sì fẹ́ kí ohun tí ẹ ṣe dúró, ẹ ṣe ewfmgr c: -commit kí ẹ tó pa á. Àwọn mìíràn ń lo FBWF, tó ń yan fáìlì tí yóò dé dísíìkì. Nínú Windows 10 IoT Enterprise, UWF ni orúkọ rẹ̀, uwfmgr get-config sì ni ẹ ó fi béèrè. Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wò báyìí bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé flash òun kì í pa nǹkan mọ́.

Nípa ọjọ́ orí flash, ohun tí a lè mọ̀ pọ̀ tàbí kéré gẹ́gẹ́ bí irú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ DOM àtijọ́ kò ní ìdáhùn kankan fún smartctl -a, àṣẹ tó ń béèrè ìlera dísíìkì. Ti eMMC láti ìran 5.0 sàn jù: mmc extcsd read /dev/mmcblk0 yóò fi ìṣirò ayé rẹ̀ hàn, níbi tí 0x01 ti túmọ̀ sí pé kò tíì lò ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, tí 0x0A jẹ́ pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, tí 0x0B sì jẹ́ pé ó ti kọjá ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Badblocks pẹ̀lú -sv máa kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìkọ nǹkan kan. Ẹ má fi -w sí i láé bí ẹ bá nílò ohun tó wà nínú rẹ̀. Èyí tó ní -n kò pa nǹkan rẹ́, ṣùgbọ́n ó ń kọ gbogbo sector tuntun, ìyẹn sì jẹ́ ìnira fún flash tó ti gbó.

Ó ṣeé ṣe kí àyẹ̀wò parí pẹ̀lú pé ẹ ó gbé ẹ̀dà náà lọ sórí DOM mìíràn. Ẹ kọ́kọ́ ka sector tuntun náà, nítorí DOM méjì tí wọ́n kọ 1 GB sí lára kì í fi dandan dọ́gba. Nínú àpẹẹrẹ tèmi, èyíkéyìí tó bá ní sector 1,964,032 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè gba ìpín náà. Èyí tó bá kéré sí ìyẹn yóò gé ìrù rẹ̀. Lẹ́yìn tí dd bá ti kọ ọ́ tán, ẹ má ṣe yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀, nítorí pé Linux náà ń tọ́jú ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ sínú RAM, inú RAM ni yóò sì ti dá yín lóhùn. Ẹ ṣe sync, ẹ pa kọ̀ǹpútà náà, ẹ yọ wáyà iná kúrò, kí ẹ jẹ́ kí ó dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ tún un tàn láti orí USB, kí ẹ sì fi DOM tuntun náà wé ẹ̀dà, báìtì sí báìtì. Iye báìtì tó wà nínú àṣẹ ìsàlẹ̀ yìí jẹ́ ti DOM tó tó ojúlówó tàbí tó jù ú lọ. Bí tiyín bá kéré díẹ̀, iye báìtì tirẹ̀ ni kí ẹ fi síbẹ̀:

cmp -n 1024966656 /dev/sda /mnt/ibipamo/ojulowo.img

Bí cmp kò bá sọ nǹkan kan, wọ́n bára mu.